Wọ́n Ní Kí Ọkùnrin Tún Ìwà Ṣe, Ló Bá Di Ìbínú

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Gillette ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe abẹ ìfárùngbọ̀n, gbé ìpolówó kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹni tó bá sì ń wò ó lè máà tètè mọ̀ pé abẹ ni wọ́n ń tà. Àwọn ọmọkùnrin ń lé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan kiri láti lù ú. Ọ̀gá kan wà níbi ìpàdé, ó gbé ọwọ́ lé òṣìṣẹ́bìnrin kan léjìká, ó ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù ohun tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọmọdékùnrin méjì wọ̀yá ìjà, àwọn bàbá tó yẹ kó là wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n káwọ́ gbera, gbogbo wọn ń wí ohun kan náà: bí ọmọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan wá yí padà. Ọkùnrin kan dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró nígbà tó fẹ́ máa tọ obìnrin tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Òmíràn lọ la ìjà àwọn ọmọ yẹn. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ọkùnrin kan ti ń ṣe ohun tó tọ́, àmọ́ pé "àwọn kan" kò tíì tó.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi di bí o ò lọ, o yà fún mi. Piers Morgan, oníròyìn tó lókìkí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ síta pé wọ́n ti dojú ogun kọ jíjẹ́ ọkùnrin. James Woods tó jẹ́ òṣèré fíìmù ní òun ò ní lo ọjà wọn mọ́ láéláé. Àwọn kan da abẹ wọn sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ kí aráyé lè rí i. Lórí YouTube, àwọn tó tẹ àmì pé àwọn ò fẹ́ràn fíìmù náà lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ dáadáa.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ìlú Edmonton ní Kánádà, ní 2010, wọ́n lẹ àwọn pátákó kan kiri tó ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ tààrà: obìnrin tó ti mutí yó débi tí kò lè sọ̀rọ̀ kò gbà fún ọ, má ṣe dà bí ọ̀gbẹ́ni yẹn. Kí ìyẹn tó dé, obìnrin ni irú ìkìlọ̀ báyìí sábà máa ń bá wí, pé kó ṣọ́ra. Ní 2013, ẹgbẹ́ kan tó ní àwọn ń jà fún ẹ̀tọ́ ọkùnrin lẹ pátákó tiwọn, ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, àmọ́ obìnrin ló ń bá wí, ohun tó sì ń sọ ni pé irọ́ ni obìnrin ń pa mọ́ ọkùnrin bó bá ní wọ́n fipá bá òun lò. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Scotland gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 fún àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 18 sí 35, àwọn kan kí wọn kú iṣẹ́, àwọn kan sì bú wọn.

Àlàyé méjì ni mo máa ń gbọ́ lórí ìbínú yìí. Ti àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó jẹ̀bi ni ara ń ta. Èkejì ni pé èébú gidi ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa bú tí kò ní fèsì. Méjèèjì ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo ṣe rí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wá ìrànlọ́wọ́ ọkùnrin kan pàtó: èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kì í lu ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń luni. Òun gan-an ni wọ́n ń bẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa pè é, inú àga olùjẹ́jọ́ ni wọ́n ti máa ń fi í jókòó ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní toxic masculinity, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ìwà ọkùnrin-ni-mí. Àwọn òfin kan ni tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ọmọkùnrin sì ti ń gbọ́ láti kékeré. Ọkùnrin kì í sunkún. Ọkùnrin kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí wọ́n bá fi ọ́ wọ́lẹ̀, fi ẹ̀ṣẹ́ dá wọn lóhùn. Má jẹ́ kí obìnrin rí ọ fín. Ẹni tó bá rú òfin wọ̀nyí, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe obìnrin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló hùmọ̀ orúkọ náà láti fi bú ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ló ti wá. Láàárín 1980 sí 1999, àwọn ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ń kóra jọ, wọ́n ń lọ sínú igbó láti lu ìlù, láti pa ìtàn, láti bá ara wọn sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, nítorí wọ́n rò pé ayé òde òní ti gba ohun tó dára nínú jíjẹ́ ọkùnrin lọ́wọ́ àwọn. Shepherd Bliss, ọ̀kan lára wọn, ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ lo orúkọ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni láti ya èyí tó burú sọ́tọ̀, kí èyí tó dára lè ráyè hù. Ní 2005, Terry Kupers, dókítà àìsàn ọpọlọ, mú un lò nípa àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ó ń wá ìdí tí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kì í fi í fẹ́ gba ìtọ́jú bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Ìdí náà kò ṣòro: nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá ní nǹkan ń ṣe òun ti sọ ara rẹ̀ di ẹran ìjẹ.

Nǹkan bí ọdún 2010 síwájú ni orúkọ náà kúrò lẹ́nu àwọn dókítà, tó bọ́ sẹ́nu ọ̀pọ̀ èrò. Nígbà tí ìròyìn ìwà Harvey Weinstein, agbéfíìmùjáde ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ obìnrin fẹ̀sùn ìfipábánilò kàn, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, tí #MeToo ("èmi náà"), ìpolongo fún àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò tí Tarana Burke ti bẹ̀rẹ̀ láti 2006, wá gba gbogbo ayé kan, kò sí ibi tí wọn ò ti ń pè é mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé àwọn tó ń wá ìwòsàn fún ọkùnrin ló dá a sílẹ̀.

Ìwòsàn náà sì pọn dandan. Ìwádìí lórí ìpànìyàn tí àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n fura sí pé ó pa èèyàn lágbàáyé, nǹkan bí mẹ́sàn-án jẹ́ ọkùnrin. Nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n pa ńkọ́? Nǹkan bí mẹ́jọ jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta ló ti fojú winá lílù tàbí ìfipábánilòpọ̀ rí láyé wọn, ọwọ́ ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń wá. Àjọ kan náà ní ọkùnrin tó ń gbẹ̀mí ara rẹ̀ ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ. Àwọn tó ń bínú sí ìpolówó Gillette fẹ́ràn láti mẹ́nu kan ìṣirò ìkẹyìn yìí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń ro ti ọkùnrin. Òótọ́ ni ìṣirò náà. Ohun tó kàn jẹ́ pé ó ń gbe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá jà lẹ́sẹ̀ ni, nítorí ọkùnrin tí kì í sọ pé ẹ̀mí òun ti rẹ̀, òfin ọkùnrin kì í sunkún náà ló ń tẹ̀ lé.

Kí ló ń mú ara gbóná?

Jack Brehm, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé kan kalẹ̀ ní 1966 tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Ó ní bí èèyàn bá fura pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira òun lórí nǹkan kan, ó máa ń rọ̀ mọ́ nǹkan náà ni, bí kò tiẹ̀ kà á sí tẹ́lẹ̀. Ó kan tọkùnrin tobìnrin, ó kan tọmọdé tàgbà. Ìyẹn ṣàlàyé díẹ̀, kò ṣàlàyé tán.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni iṣẹ́ Joseph Vandello àti Jennifer Bosson ní yunifásítì South Florida. Ní 2008, àwọn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ti ń fura sí: bí ọmọbìnrin bá ti dàgbà, aráyé gbà pé obìnrin ni, ó parí. Ọkùnrin ní tirẹ̀, àfi kó fi hàn, kó sì máa fi hàn títí. Wọ́n lè sọ lọ́la pé kì í ṣe ọkùnrin mọ́. Ipò tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni nígbàkigbà, ó di dandan kí ẹni tó wà níbẹ̀ máa ṣọ́ ọ.

Wọ́n dán an wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kan di irun fún ère tó ní orí èèyàn, wọ́n sì ní kí àwọn míì fi irú ọwọ́ kan náà di okùn. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni, orí irun nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e: kí wọ́n to àdììtú, tàbí kí wọ́n máa gbá àpò tí àwọn akànṣẹ́ fi ń gbaradì ní ẹ̀ṣẹ́? Àwọn tó dirun ló yan ẹ̀ṣẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbá àpò náà, ti àwọn adirun ló le jù. Kò sẹ́ni tó bú wọn o. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní obìnrin. Irun lásán ni wọ́n dì, ọwọ́ wọn sì ti ń wá ibi tó máa fi ẹ̀ṣẹ́ sí.

Robb Willer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́ ní 2013. Wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn èèyàn, wọ́n sì sọ fún àwọn ọkùnrin kan pé èsì wọn jọ ti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọwọ́dá ni èsì náà. Àwọn wọ̀nyí ti ogun Ìráàkì lẹ́yìn ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ sí ríra ọkọ̀ jíìpù ńlá. Àwọn obìnrin tí wọ́n sọ fún pé èsì wọn jọ ti ọkùnrin kò yí èrò padà lórí nǹkan kan.

Ẹ wá fi èyí wo ìpolówó Gillette. Láti 1989 ni ilé-iṣẹ́ yìí ti ń sọ fún ọkùnrin pé abẹ àwọn ni ohun tó dára jù lọ tí ọkùnrin lè ní. Ní 2019, wọ́n sọ gbólóhùn náà di ìbéèrè: ṣé ibi tí ọkùnrin lè dára dé nìyí? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ibi tó ti ta bà á gan-an ni ibi tó ń dùn ún. Ó fẹ́ kí ọkùnrin jáwọ́ nínú fífi jíjẹ́ ọkùnrin hàn ní gbogbo ìgbà, ó sì fi ìbẹ̀rù pé kò tíì jẹ́ ọkùnrin tó ṣe pàṣán. Gbogbo ìpolongo tó ń sọ pé "ojúlówó ọkùnrin kì í lu obìnrin" ló ń ṣe irú èyí. Ó dára létí, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ náà ló tún ń tẹ̀ lé, pé ojúlówó wà, ayédèrú wà, kí o yáa wá fi èyí tí o jẹ́ hàn wá. Nígbà tí ọkùnrin kan bá sì fẹ́ fi ohun tó jẹ́ hàn, ọ̀nà tó mọ̀ jù ni ìjà.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn bàbá yẹn ti ṣe ìpolówó náà ní jàǹbá. Ohùn inú fíìmù ń sọ pé àwọn kan ti ń ṣe rere. Ojú tó ń wò ó, ọkùnrin rẹpẹtẹ tí ojú wọn jọra, tí ẹnu wọn ń sọ ohun kan náà, ló rí. Kò sí àwòrán ọkùnrin tó ń ṣiyèméjì, tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bẹ́ẹ̀, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wòran.

"Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin"

Ní ọjọ́ 23, oṣù karùn-ún, ọdún 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ẹni mẹ́fà ní Isla Vista ní ìpínlẹ̀ California. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti ya fídíò pé òun fẹ́ gbẹ̀san lára àwọn obìnrin tí kò fẹ́ òun. Bí àwọn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú wọn ti rí lọ́wọ́ ọkùnrin, gbólóhùn kan ń bá wọn pàdé níbi gbogbo: kì í ṣe gbogbo ọkùnrin. Àwọn obìnrin fèsì pẹ̀lú #YesAllWomen, ìyẹn ni pé bí kì í bá tilẹ̀ ṣe gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe é, gbogbo obìnrin ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

Gbólóhùn náà, òótọ́ ni. Ibi tó wọ́ sí ni pé ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í ló ń dáhùn. Ẹni tó ní ejò wà nínú igbó yẹn kò sọ pé gbogbo igi tó wà níbẹ̀ ni ejò. Bí obìnrin bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, tí ọkùnrin sì fèsì pé òun ò sí lára wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹni tí wọ́n ṣe níṣekúṣe, ó ti di ti orúkọ rere ẹni tó ń gbọ́. Obìnrin tó wá ròyìn á wá di ẹni tó ń tu èèyàn nínú.

Síbẹ̀, kí n má ṣe ojúsàájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ní South Africa, lẹ́yìn tí wọ́n rí òkú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pa, #MenAreTrash gba orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Pàǹtírí ni ọkùnrin, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Igbe ọ̀fọ̀ ni, igbe ẹni tó ti rẹ̀, mi ò sì ní bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe àríyànjiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ tó lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé igbe ọ̀fọ̀ lọ sínú ìpolongo, tó sì ń retí kí ọkùnrin tó gbọ́ ọ dúpẹ́, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìpolongo àti igbe kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀?

Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọ̀pọ̀ tó kọ̀ láti gbọ́ ti Gillette kò bá ohun tí wọ́n sọ jà. Wọ́n kàn ń béèrè pé báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹni tó ń ta abẹ ló fẹ́ kọ́ àwọn níwà. Ìbéèrè náà tọ́. Procter & Gamble tó ni Gillette, tó rà á ní 2005 ní nǹkan bí bílíọ̀nù 57 dọ́là, ń ta ọjà tó lé ní bílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún nígbà náà. Mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta, ni wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa fún àwọn àjọ tó ń ran ọmọkùnrin àti ọkùnrin lọ́wọ́. Àwọn obìnrin náà ní ẹjọ́ tiwọn: nígbà tí ìjọba ìlú New York ṣèwádìí lórí ọjà ní 2015, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ń tà fún obìnrin fi ìdá 7 nínú 100 wọ́n ju irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin, ní ti ohun ìtọ́jú ara, ó tó ìdá 13. Abẹ wà lára rẹ̀.

Àsìkò náà sì tún bá a lójijì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń polongo ìlànà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ọmọkùnrin àti ọkùnrin. Ìwé ìlànà fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni, ó gùn, ó sì ṣe wọ̀n-ọ̀n-wọ̀n-ọ̀n. Èyí tó tàn kálẹ̀ nínú àkópọ̀ rẹ̀ ni gbólóhùn kan tó ní jíjẹ́ ọkùnrin ní ọ̀nà àtijọ́ ń ṣe ìpalára. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹn kí Gillette tó dé. Ẹni tó gbọ́ méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọkùnrin, lè rò pé wọ́n ti para pọ̀ láti dojú kọ òun.

Ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní 2021, William Brady àti Molly Crockett ní yunifásítì Yale yẹ ọ̀rọ̀ tó tó mílíọ̀nù 12.7 wò lórí Twitter. Wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n bá yìn nígbà tó fi ìbínú sọ̀rọ̀ máa ń tún fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ọkùnrin tó da abẹ nù láìwí fún ẹnikẹ́ni kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Èyí tó ya fọ́tò rẹ̀ rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyìn.

Ṣé ìbínú náà pa ọjà wọn?

Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ bí ìtàn pé ìpolówó yẹn ba Gillette jẹ́, pé wọ́n pàdánù bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là nítorí rẹ̀. Lóòótọ́ ni Procter & Gamble gé bílíọ̀nù mẹ́jọ kúrò nínú iye tí wọ́n ka Gillette sí nínú ìwé ìṣirò wọn ní oṣù keje ọdún 2019. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé owó àwọn orílẹ̀-èdè míì ti lọ sílẹ̀ sí dọ́là, pé àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń fi abẹ olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sílé ti gba oníbàárà, àti pé ọkùnrin kì í fá irùngbọ̀n tó bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ìpolówó náà tó jáde. Nígbà tí ariwo ń lọ lọ́wọ́, Jon Moeller tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ owó wọn nígbà náà ní ọjà tí àwọn ń tà kò kúrò ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìwádìí èrò aráàlú tí ilé-iṣẹ́ Morning Consult ṣe nígbà náà sì fi hàn pé àwọn tó gba tiwọn pọ̀ ju àwọn tó kórìíra fíìmù náà lọ. Àwọn tó ń tẹ àmì lórí YouTube àti àwọn tó ń ra abẹ nínú ọjà kì í ṣe èèyàn kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó rí ibi wọlé

Ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, ọdún 1989, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Montreal ní Kánádà ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ó lé àwọn ọkùnrin jáde kúrò nínú kíláàsì, ó sì yìnbọn. Obìnrin 14 ló kú lọ́jọ́ náà. Nítorí ìyẹn, ní 1991, àwọn ọkùnrin díẹ̀ níbẹ̀ dá ìpolongo kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní White Ribbon. Ọkùnrin tó bá so ribọ́ọ̀nù funfun mọ́ àyà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní hùwà ipá sí obìnrin, òun ò ní gbè é lẹ́yìn, òun ò sì ní dákẹ́ bí òun bá rí i. Ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Wọ́n ṣàríwísí wọn náà, àmọ́ ìyàtọ̀ wà: ọkùnrin ló ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ sì hàn kedere láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn tó dá ìpolongo Movember sílẹ̀ ní Melbourne ní Australia ní 2003, ọkùnrin 30 tó jọ tọ́jú irun imú fún oṣù kan, kò dárúkọ ìwà burúkú kankan. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ tó ń pa ọkùnrin, nígbà tó yá wọ́n kún un pé kí ọkùnrin sọ̀rọ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá ń dàrú kó tó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, òfin ọkùnrin kì í sọ pé ó ń dun òun ni àwọn náà ń wó. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Wọ́n á ní mo ń sọ pé kí obìnrin máa fi oyin sí ọ̀rọ̀ kí ọkùnrin lè gbé e mì. Rárá. Ẹni tí wọ́n ń lù kò jẹ gbèsè ohùn dídùn. Bí ọkùnrin kan bá bínú nítorí pé obìnrin ké, ọkùnrin náà ló yẹ kó lọ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi bá wí ni ìjọba, ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ tó ń náwó sórí ìpolongo, tí wọ́n sì ń sọ pé ìwà ọkùnrin ni àwọn fẹ́ yí padà. Ẹni tó gba owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè bóyá iṣẹ́ náà jẹ́.

Èyí tí wọ́n ti dán wò tó sì jẹ́ díẹ̀ kò lókìkí rárá. Orúkọ rẹ̀ ni Coaching Boys into Men, ní Amẹ́ríkà. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni láti òde wá. Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní eré ìdárayá ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀, ní gbogbo sáà eré kan: bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọmọbìnrin, ohun tó yẹ ní sísọ bí ọ̀rẹ́ ẹni bá ń fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀sín, bí a ṣe ń dá a lẹ́kun láìsọ ọ́ di ìjà. Elizabeth Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní ilé-ìwé gíga 16 nítòsí Sacramento ní California, pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 ọmọkùnrin eléré ìdárayá. Èsì àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà múra tán ju àwọn yòókù lọ láti dá sí i bí wọ́n bá rí ìwà ìkà. Nígbà tí wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ náà ní ìwà ìkà tí àwọn hù sí àfẹ́sọ́nà kéré sí ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà.

Wọ́n gbé e lọ sí Mumbai ní Íńdíà, wọ́n fi í sọ́wọ́ àwọn kóòṣì kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìrònú àwọn ọmọ ibẹ̀ nípa ọkùnrin àti obìnrin tún ṣe sí i. Ti dídá ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́kun ló ṣì ń nira fún wọn.